Ìbọn Òyìnbó àti Ojú Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ìsọlọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹran igbó ṣì máa ń sọdá ọ̀nà níwájú ilé wa. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí wọ́n bí sáàárín ilé alájà àti ariwo jẹnẹrétọ̀ kò lè gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìnkùlé wa títí dé apá Ailegun, koríko àti àbàtà ni. Ọ̀yà ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa, àparò ń ké láàárọ̀ kí àwọn àgbà tó kírun tán. Bàbá mi sì ni ọdẹ tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Kì í ṣe torí pé òun ló bí mi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti pàdé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń purọ́ mọ́ bàbá wọn, n kò sí lára wọn.

Ṣakabùlà ni ìbọn tó ń lò nígbà náà, ìbọn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, gbogbo ọdẹ Ìsọlọ̀ máa ń pa pọ̀ dẹ igbó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á ti iná bọ koríko láti apá kan, olúkúlùkù ọdẹ á sì lọ dúró síbi tí olórí ọdẹ bá yàn fún un. Ibi tó níyì jù ni ẹnu àbàtà, níbi tí ẹran tó ń sá fún iná ti ń jáde lọ sídìí omi. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi bàbá mi sí. Àwa ọmọdé àti àwọn ìyá wa á dúró lókèèrè pẹ̀lú abọ́ láti gbé ẹran. Bí ìbọn bá ti dún láti ẹnu àbàtà, ìyá mi á ti gbé abọ́ rẹ̀ sórí kí ẹnikẹ́ni tó pè é, torí ó dá a lójú pé ẹran ti ṣubú. Bó ṣe máa ń yan lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó rò pé òun ló yìn ín.

Ogun abẹ́lé parí, owó epo rọ̀bì dé. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn owó yẹn, ẹ sì ń bi wá léèrè ohun tí a fi ṣe. Ní tiwa ní Ìsọlọ̀, ohun tí a rí ni katakata. Ó ń wó igbó láàárọ̀, ó ń wó o lálẹ́, ilé iṣẹ́ sì ń hù níbi tí a ti ń ṣa olú. Òyìnbó kan wà tó jẹ́ ọ̀gá ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ. Bàbá mi ló mú un mọ ọ̀nà inú igbó nígbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀, ọkùnrin náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, òun àti àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kóra jọ sí pápá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà láti fi ìbọn ṣeré. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Bí a bá fa okùn rẹ̀, á ju àwo amọ̀ pẹlẹbẹ kan sójú ọ̀run, òyìnbó á sì yìn ín kó tó balẹ̀. Bàbá mi ni wọ́n gbà pé kó máa fa okùn.

Ó kọ́kọ́ rò pé orí wọn ti dà rú. Ó máa ń délé wá sọ fún wa pé, “Ẹni tó ní ìbọn, tó ní ọta, amọ̀ ló wá ń yìn! Ta ni yóò jẹ amọ̀?” A ó rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti ń wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó dákẹ́ ẹ̀fẹ̀. Àwo náà kéré, ó sì ń sáré, síbẹ̀ òyìnbó yẹn kì í tàsé rẹ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu kan ló ń lò, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ní bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ni ín. Igi ìdí rẹ̀ pupa, ó ń dán bí ẹni fi òrí pa á. Ọ̀pá rẹ̀ gùn ju ti ìbọn tí a mọ̀ lọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lórí ọ̀pá náà láti ìdí dé ẹnu, tí wọ́n gbé dúró lórí ẹsẹ̀ kéékèèké bí afárá. Bàbá mi fi ojú sí ìbọn yẹn, kò mójú kúrò mọ́. Ó ní ìbọn tó lè gba àwo tó ń fò, kí ni ẹtu tó dúró jẹ́ lójú rẹ̀?

Nígbà tí ọkùnrin náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fún bàbá mi ní ìbọn náà tòun ti ìwé àṣẹ tí wọ́n bá a gbà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Mo wà níbẹ̀. Òyìnbó ń sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, ó ń na ìka sókè léraléra, bàbá mi sì ń mi orí. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọkùnrin yẹn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ènìyàn rere pàdé òun. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbé ṣakabùlà rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tó ń dáko ní ìhà Ìlaró. Ó fi ta á lọ́rẹ pátápátá ni.

Mo ní láti sọ ohun kan fún yín níbí. Nínú ẹbí wa, ọdẹ kì í fi ìbọn rẹ̀ lé ọdẹ mìíràn lọ́wọ́ láti yìn. Àwọn bàbá wa gbà pé ìbọn mọ ọwọ́ ẹni tó ni ín, pé bí ọwọ́ mìíràn bá yìn ín, kò ní gbọ́ ti olówó rẹ̀ mọ́. Ẹ lè gbé e, ẹ lè nù ún, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n yíyìn, rárá o. Ìbọn òyìnbó yẹn di ti bàbá mi, òun nìkan ló sì ń yìn ín.

Ọ̀yà ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìbọn náà ṣì jẹ́ tuntun sí òun ni. Ẹtu kan tún bọ́, ó ní atẹ́gùn ni. Ìyá mi ń bá a wá àwáwí kún àwáwí, a sì ń jẹ ẹja. Nígbà tó yá, ọjọ́ tí gbogbo ọdẹ ń pa pọ̀ dẹ igbó pé. Àwọn ènìyàn ti gbọ́ nípa ìbọn òyìnbó, wọ́n jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Olórí ọdẹ fi bàbá mi sí ẹnu àbàtà bó ṣe máa ń rí.

Iná ń ta nínú koríko, èéfín bo ojú ọ̀run. Ìgalà kan jáde, akọ ni, ó tóbi. Ó dúró ní gbangba níwájú bàbá mi, ó ń wẹ̀yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Gbogbo wa rí i. Bàbá mi gbé ìbọn sí èjìká, kò kánjú, ó yìn. Ìyá mi ti gbé abọ́ sórí. Ewé já wálẹ̀ lára igi tó wà lẹ́yìn ìgalà náà, ẹran sì fò bọ́ sínú omi, ó lọ. Ẹnu kan ni ìbọn yẹn ní, kò sí ìkejì tí bàbá mi ìbá fi tún un ṣe. Ìyá mi sọ abọ́ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ mọ bí ẹnu ayé ti rí. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn obìnrin ti ń sọ nídìí omi pé bàbá mi ti jẹ èèwọ̀ ọdẹ. Àwọn kan ní ó ti yan àlè kan sí Muṣin, pé ìyẹn ló jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Ìyá mi gbọ́ ọ, ó sì gbaná jẹ. Ó gbé kèrègbè rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ọkọ mi, ọkọ mi kò jẹ èèwọ̀ kankan! Ojú ló ń dùn ún. Ojú rẹ̀ ló ń ṣe bàìbàì. Ṣé àgbà kò ní í dé bá ọkọ tiyín ni?” Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, èmi sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá mi, ó sì gbà á gbọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ojú ni bàbá mi ń tọ́jú. Ó lo àgbo títí ìpéǹpéjú rẹ̀ fi wú. Ó lọ sí Òṣòdì, sídìí ojú irin, níbi tí àwọn kan ti ń gbé awò ojú kiri lórí pátákó, ó ra ọ̀kan, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sóko ọdẹ. Ó padà dé tòun ti ẹgbò ní orúnkún, torí ilẹ̀ ń ga fún un níbi tí kò ti ga. A rẹ́rìn-ín rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà sì bá wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú un lọ sílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ní, “Bàbá, ojú yín mọ́ ju tèmi lọ.” Bàbá mi dúpẹ́, ó jáde. Nígbà tí wọ́n dé ìta, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, “Ọmọ rere lọmọ yẹn. Kò fẹ́ kí n sunkún níwájú òun.”

Igi àràbà kan wà ní òdìkejì ọ̀nà ilé wa. Láàárọ̀, bàbá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, á wo igi náà, á tún bo ìkejì. Á pè mí. “Ẹ̀ka gbígbẹ mélòó lo rí lókè yẹn?” Mo bá sọ fún un. Iye tí mo bá sọ náà ni òun rí. Ìyẹn kò fi í lọ́kàn balẹ̀, torí ó ní ó lè jẹ́ pé ẹnu mi ni òun ti gbọ́ ọ. Ó ń dùn mí títí dòní pé kò ronú kàn án pé kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ kí n tó sọ tèmi.

Ohun tó wá ya gbogbo wa lẹ́nu ni àparò. Bàbá mi kò lè pa ẹran tó wà nílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí àparò bá ta pà láti inú koríko, tó ń gòkè, kò ní í balẹ̀ láàyè. Kì í tàsé rẹ̀. Mo ń tu ìyẹ́ àparò títí ìka mi fi ń rùn. Ó ní ojú òun ń ríran díẹ̀ bí ọ̀run bá wà lẹ́yìn nǹkan, pé àwọ̀ ilẹ̀ ló ń da òun lójú rú. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò gbà á lọ́wọ́ ìtìjú, torí lójú àwọn ọdẹ wa, ẹyẹ ni eré àwọn ọmọdé tó ń fi kànnàkànnà rọ́bà ta òkúta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Eléyẹ. Nígbà tí ọdún yí po, olórí ọdẹ fi ẹlòmíràn sí ẹnu àbàtà, ó sì fi bàbá mi sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́. Bàbá mi kò jiyàn. Ó lọ, ó dúró síbi tí wọ́n fi í sí, kò yìn rárá, ó padà wálé, ó fi aṣọ wé ìbọn náà, ó sì gbé e sórí àjà.

Ó gba iṣẹ́ ọdẹ ilé iṣẹ́, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbọ́ o, ọdẹ ni wọ́n ṣì ń pè é, ṣùgbọ́n igi àti tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ wà lórí ilẹ̀ tó ti ń dẹ̀gbẹ́ tẹ́lẹ̀. Owó wọlé lásìkò yẹn, n kò ní í purọ́. A ra rédíò, a fi páànù tuntun bo ilé. Bàbá mi kàn ń gbẹ ni. Ẹni tó máa ń fi ẹnu rẹ̀ ròyìn ẹran títí oúnjẹ yóò fi tutù, ó di ẹni tí a ń bẹ̀ kó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ di ọdẹ láti kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ igbó. Bàbá mi kọ̀ fún un. Ó ní, “Ojú wa ti bàjẹ́. Ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Lọ kọ́ṣẹ́ akọ̀wé, kí ìwọ náà má baà jẹ irú ìtìjú yìí.” Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, ó sì gbà. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá wa, kò pẹ́ tó fi lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni a sin ín sí.

Nígbà tí a parí gbogbo ètò, ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò ta ìbọn náà, torí òun kò lè máa rí i lórí àjà. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta ìbọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọkùnrin náà ṣí ìbọn náà níbi oríkèé rẹ̀, ó wo inú ọ̀pá rẹ̀, ó pa á dé, ó sì gbé e sí èjìká.

“Ta ló ń fi èyí ṣọdẹ, ọmọ mi?”

“Bàbá mi ni, sà. Wọ́n ti kú.”

“Háà. Ìbọn àwo lèyí o. Wọn ò ṣe é fún ẹran. Àwo tí wọ́n ń yìn, òkè ló ń lọ, torí náà wọ́n dìídì ṣe é kó máa yìn gba òkè ibi tí èèyàn bá fojú sùn. Tí ẹ bá fi yin ẹran tó dúró sílẹ̀, òkè orí ẹran náà ni ọta á gbà kọjá. Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi kò tà á lọ́jọ́ náà. Ó gbé e padà wá sílé, ó pè mí, a lọ sínú ìwọ̀nba igbó tó kù ní apá Ailegun. Ó gbé agolo kẹrosíìnì sórí kùkùté. Ó fojú sun àárín agolo, ó yìn. Agolo kò mì. Ó tún ki ọta, ó fojú sun ìsàlẹ̀ kùkùté, níbi tó ti wọ ilẹ̀, ó yìn. Agolo fò lọ sínú koríko. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó gbé ìbọn lé itan, ó ń ké bí ọmọdé. Èmi rántí ewé tó já wálẹ̀ lẹ́yìn ìgalà, mo rántí gbogbo àparò tí mo tu ìyẹ́ rẹ̀, mo sì rántí ìka òyìnbó yẹn tó ń tọ́ka sókè.

A bá ara wa jiyàn bóyá kí a sọ fún ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ náà yóò pa á. Mo ní òtítọ́ ọkọ rẹ̀ ni, òun ló ni ín. A sọ fún un ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò wo ojú wa, ó ń ṣa ẹ̀wà náà títí ó fi da èyí tó dára mọ́ èyí tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fọ ọwọ́, ó pààrọ̀ ìró, ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ kí àna. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbọn náà tẹ̀lé òun.

Ó kúnlẹ̀ sídìí sàréè bàbá mi, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ nígbà ayé rẹ̀.

“Baálé mi, ẹ kú ìsinmi. Ojú yín kò fọ́ o. Ìbọn ni. Wọ́n ní ìbọn yẹn kì í wo ilẹ̀. Èmi ni mo sọ pé ojú ni, mo rò pé mo ń gbà yín lẹ́nu ayé ni. Ẹ má bínú sí mi. Ojú yín mọ́ kedere, títí di ọjọ́ tí ẹ pa á dé.”

Kò sunkún. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ níbẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi padà ta ìbọn náà fún ẹnì kan tó ń yin àwo, kó lè lọ máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Òun fúnra rẹ̀ ti dàgbà ju ẹni tó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọdẹ lọ nígbà náà, igbó pàápàá sì ti tán. Ẹnu àbàtà ti di àdúgbò, wọ́n ti da yanrìn dí i, ilé ìjọsìn àti ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ náà ti kógbá sílé tipẹ́, ẹ sì ń lọ ra aṣọ ìlú òkèèrè ní ọjà Aswani. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, bí nǹkan bá kọ̀ fún yín, ẹ ó béèrè lọ́wọ́ fóònù, ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Mo máa ń bú yín pé ẹ kò ní sùúrù. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú pé ká ní bàbá mi gbé ìbọn yẹn fún ọdẹ mìíràn yìn lẹ́ẹ̀kan péré, ìbá kú gẹ́gẹ́ bí ọdẹ.

Wọ́n ti gé igi àràbà náà. Opó iná ló wà níbẹ̀ báyìí, wáyà pọ̀ lórí rẹ̀. Ní àárọ̀ mìíràn, tí ẹ bá rí i tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, ẹ má sáré wá bi mí bóyá ojú ń dùn mí. Bàbá mi ni mo ń dá lóhùn. Iye kan náà la rí, Bàbá mi. Iye kan náà la máa ń rí.